Kí A Tó Gbẹ́ Kànga Àjọ̀dún, Ẹ Jẹ́ Kí A Bi Ilẹ̀ Léèrè

  Àwọn olóòtú ìwé yìí ní kí n kọ èrò ọkàn mi lórí ohun tí ó yẹ kí a fi sàmì ọdún yìí. Ọ̀rọ̀ omi ni mo fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n kí n tó dé orí omi, èmi yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ tí omi náà ń gbà kọjá.

Ní ìpàdé tí ẹgbẹ́ wa ṣe gbẹ̀yìn, ohùn gbogbo wa fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣọ̀kan pé kí a gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tuntun fún ilé-ẹ̀kọ́, kí a gbé táǹkì ńlá sórí irin, kí a sì kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí i lára. Ibi tí a tọ́ka sí ni ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ ọwọ́ àtijọ́. Àwa àgbà mọ ibẹ̀ dáadáa. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Níbẹ̀ ni àwọn dúrọ́ọ̀mù dísẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ wà. Àwa tí wọ́n máa ń rán lọ gé koríko níbẹ̀ mọ̀ pé apá kan wà tí koríko kì í fi bẹ́ẹ̀ hù. Èmi yóò sọ èrò mi láì fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú: kí a má ṣe lu ihò kankan sí ibẹ̀ títí a ó fi mọ̀ bóyá epo wà nínú ilẹ̀ náà, àti bí ó ti pọ̀ tó. Ọ̀nà wà láti mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wọ̀ mí lára. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, wọ́n rán mi lọ sí ìjọ kékeré kan ní àárín ìlú, láàrin Ọjà'ba àti Bẹyẹrúnkà. Nínú agbo-ilé kan tí ó súnmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, kànga kan wà tí gbogbo ilé ń pọn. Ní ọdún kan, bí òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, omi kànga náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí epo òyìnbó. Bí a bá fà á sókè, ojú rẹ̀ a máa dán bí òṣùmàrè. Opó kan wà ní iwájú agbo-ilé náà tí ó ń ta epo òyìnbó ní ìgò-ìgò. Gbogbo ojú yí sí i. Wọ́n ní òun ni ó ń da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ epo sílẹ̀ lóru. Ó búra, ó sunkún, a kò gbà á gbọ́. Nítorí pé ọmọ ìjọ mi ni, àwọn àgbà ilé pè mí láti dá sí i. Mo wo dúrọ́ọ̀mù rẹ̀, mo wo kànga, mo rí i pé kò ju bí ogún ìṣísẹ̀ lọ láàrin wọn, mo sì dájọ́ pé kí ó kó ọjà rẹ̀ kúrò nítorí àlàáfíà. Ó kó o. Kò pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi ilé ọkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n òórùn náà kò bá a lọ. Òjò ọdún kejì dé, òórùn dé. Òjò ọdún kẹta dé, ó tún le sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n hú táǹkì irin àtijọ́ kan jáde ní ibi ìṣòwò kan ní apá òkè, níbi tí ilẹ̀ ti ń dagẹ̀rẹ́ bọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ìdí táǹkì náà ti dípẹtà, ó sì lu bí ajere. Iye ọdún tí epo ti ń jò láti ibẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè sọ. Mo wá obìnrin náà kàn ní ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un pẹ̀lú kọ́là àlùfáà ní ọrùn mi. Ó ní kí n dìde, ó sì fún mi ní omi mu. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó sọ tí n kò lè gbàgbé: “Ẹ̀yin Àlùfáà, èmi nìkan ni ẹ bi léèrè. Ẹ ò bi ilẹ̀.”

Òótọ́ ni ó sọ. N kò mọ̀ nígbà náà pé a lè bi ilẹ̀ léèrè, kí ó sì dáhùn.

Ìlú wa jẹ́ ìlú orí òkè. Ẹni tí ó bá dúró ní iwájú Gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, yóò rí bí àwọn òrùlé páànù ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìhà Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba, agbo-ilé lé agbo-ilé, tí àyè ẹsẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí láàrin wọn. Ohun tí ojú kò rí ni pé omi abẹ́ ilẹ̀ náà ń sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lókè ni yangí àti amọ̀ pupa wà. Lábẹ́ wọn ni àpáta tí ó ti jẹrà. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni àpáta líle. Omi òjò ń gba inú yangí àti àpáta jíjẹrà wọ̀nyí kọjá, ó ń kóra jọ lórí àpáta líle, níbẹ̀ sì ni kànga wa ti ń rí i. Nígbà tí David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní ọdún 1853, ohun tí ó lè ba omi Ìbàdàn jẹ́ ni ìdọ̀tí ènìyàn àti ti ẹran. Lónìí, a ti fi pẹtiróòlù, dísẹ̀lì, epo òyìnbó àti ọ́ìlì dúdú kún un. Ilé epo wà láàrin ilé, mẹkáníìkì wà lẹ́bàá títì, jẹnẹrétọ̀ sì wà ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo fẹ́ dẹ́rù bani. Ní Barúwà, ní agbègbè Ìpájà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, láti àwọn ọdún 1990 ni epo tí ó jò láti inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ ti wọ inú kànga àwọn ará ibẹ̀, tí omi tí wọ́n gbẹ́ fúnra wọn fi di ohun tí wọn kò lè mu. Ní ilẹ̀ Ògóni, ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2011 fi hàn pé ní ibì kan, epo tí ó léfòó lórí omi abẹ́ ilẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8. Benzene, tí ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ, sì wà nínú omi kànga tí wọ́n ń mu ní ìlọ́po tí ó ju 900 lọ sí òṣùwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀. Níbẹ̀, epo ti hàn lójú omi. Èyí tí ó ń bà mí lẹ́rù jù ni epo tí kò tíì dé ojú omi, tí ó ṣì fara pamọ́ sínú ilẹ̀ tí ó wà lókè rẹ̀.

Ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí ó dì gbọnyin. Inú rẹ̀ kún fún ihò wẹ́wẹ́. Nísàlẹ̀ ojú omi, omi nìkan ni ó kún àwọn ihò náà. Ṣùgbọ́n láti ojú omi títí dé ibi tí à ń tẹ̀, afẹ́fẹ́ àti omi ni wọ́n jọ ń gbé inú wọn. Bí epo bá dà sílẹ̀, ó di àlejò kẹta. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ á lẹ̀ mọ́ ara yanrìn bí epo pupa ti í lẹ̀ mọ́ inú kèǹgbè: bí ó ti wù kí a dorí kèǹgbè kodò pẹ́ tó, díẹ̀ á ṣẹ́kù sí i. Lọ́dọọdún ni òjò ń fọ díẹ̀ lára ìyókù náà lọ sínú kànga. Ìdí nìyí tí òórùn fi ń padà wá ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, tí àwọn ènìyàn á sì máa wá ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ da epo sílẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé epo ọdún pípẹ́ ni.

Báwo ni a ó ṣe mọ iye epo tí ó fara pamọ́ bẹ́ẹ̀? Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí a gbẹ́ ihò, kí a bu erùpẹ̀, kí a sì gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ọ̀nà náà dára, n kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ kan kò lè ṣojú fún odindi àgbàlá. Epo kì í tẹ́ rẹrẹ bí ẹní. Ìṣùpọ̀-ìṣùpọ̀ ni ó máa ń dúró. A lè gbẹ́ ihò mẹ́wàá kí a má kàn án, kí ó sì wà ní ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ọ̀dọ̀ wa. Nínú agbo-ilé tí ilé ti fara ti ilé, níbo tilẹ̀ ni a ó ti rí àyè gbẹ́ ihò mẹ́wàá?

Ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ ó rántí olùkọ́ wa ní kẹ́místírì tí ó ṣí ìgò lọ́fínńdà ní iwájú kíláàsì, tí ó ní kí ẹni tí ó bá gbọ́ òórùn rẹ̀ nawọ́ sókè. Àwọn ará iwájú kọ́kọ́ nawọ́, àwọn ará àárín tẹ̀ lé wọn, ìkẹyìn ni àwa aláriwo tí a jókòó sẹ́yìn. Ó ń kọ́ wa pé gáàsì ń rìn, àti pé a lè ka ìrìn rẹ̀. Orí ẹ̀kọ́ kékeré yẹn ni ọ̀nà tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

Ẹ fojú inú wo ọmọ méjì tí ìyá wọn rán láti Màpó lọ sí Ọjà'ba, ní àkókò kan náà, lójú ọ̀nà kan náà. Ọ̀kan kì í dúró kí ẹnikẹ́ni. Èkejì fẹ́ràn àkàrà; kò sí ìdí àkàrà tí kì í yà. Bí èkejì bá pẹ́ kí ó tó dé, ìyá tí ó mọ ìwà ọmọ rẹ̀ lè fi ìdádúró náà mọ bí àwọn alákàrà ti pọ̀ tó lójú ọ̀nà, láìjẹ́ pé ó kúrò nílé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lo gáàsì. Wọn á ri páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ ilẹ̀. Wọn á tú àdàlú gáàsì díẹ̀ sínú ọ̀kan, ẹ̀rọ á sì máa fa afẹ́fẹ́ inú ilẹ̀ jáde láti inú èkejì. Gáàsì kan nínú àdàlú náà, bíi helium, kì í fẹ́ bá epo tàbí omi da nǹkan pọ̀. Tààrà ni ó ń kọjá. Òmíràn fẹ́ràn epo: ibikíbi tí ó bá ti pàdé epo, á wọ inú rẹ̀, á dúró díẹ̀, á sì tún jáde. Ẹ̀kẹta fẹ́ràn omi, òun ni wọ́n fi ń mọ bí omi ti pọ̀ tó nínú ilẹ̀ náà. Ẹ̀rọ tí ó wà ní ìdí páìpù kejì á máa kọ àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dé sílẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò ju agbára àwọn ọmọ wa lọ. Ká ní gáàsì tí kì í dúró lo wákàtí 2, tí èyí tí ó fẹ́ràn epo lo wákàtí 3. Ká sì ní a ti mọ̀ láti yàrá àyẹ̀wò pé, bí epo àti afẹ́fẹ́ bá jọ wà níbì kan, ohun tí ó máa wọ inú epo nínú gáàsì yìí jẹ́ ìlọ́po 25 ohun tí yóò dúró nínú afẹ́fẹ́. Wákàtí 1 tí ó fi pẹ́ jẹ́ ìdajì àkókò ti àkọ́kọ́, èyíinì ni 0.5. Bí a bá pín 0.5 sí ọ̀nà 25, a ó rí 0.02. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí àyè afẹ́fẹ́ tí gáàsì náà gbà kọjá nínú ilẹ̀ bá jẹ́ lítà 1,000, lítà 20 epo ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ kan ni a wọ̀n bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe gbogbo ilẹ̀ tí gáàsì náà rìn já láàrin páìpù méjèèjì.

Àwọn awakùsà epo ni wọ́n kọ́kọ́ ń lo irú ọgbọ́n yìí, láti mọ iye epo tí ó kù fún wọn lábẹ́ ilẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1995 ni wọ́n lò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ilẹ̀ tí omi kò kún, ní ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí kẹ́míkà sí tẹ́lẹ̀ ní Sandia, nítòsí Albuquerque ní ìpínlẹ̀ New Mexico, ní Amẹ́ríkà. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń wá ọrọ̀ ni àwọn tí ń tún ilẹ̀ ṣe yá lò. Àwa tí a ń gbé ní orílẹ̀-èdè tí ó ń wa epo rọ̀bì lọ́jọ́ gbogbo kò yẹ kí a kà á sí ohun àjèjì.

Ẹnìkan á wí pé, “Àlùfáà, owó gáàsì wọ̀nyí ńkọ́?” Ìdáhùn mi ni pé Ọlọ́run ti fi ọ̀kan sínú àpáta wa lọ́fẹ̀ẹ́. Radon ni orúkọ rẹ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ara uranium kínńkínní tí ó wà nínú irú àpáta tí Ìbàdàn jókòó lé lórí ni ó ti ń wá, ìdajì rẹ̀ sì ń ṣègbé láàrin ọjọ́ 3.8. Ó fẹ́ràn epo gidigidi. Níbi tí epo bá wà, epo á gbà á mọ́ra, afẹ́fẹ́ inú ilẹ̀ ibẹ̀ á sì ní radon tí ó kéré sí ti ilẹ̀ mímọ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nípa báyìí, a kò ní láti tú ohunkóhun sínú ilẹ̀. Ohun tí ó ti wà níbẹ̀ ni a ó wọ̀n. Àwọn onímọ̀ ní Switzerland àti ní Jámánì ti ṣe iṣẹ́ lórí ọ̀nà yìí. Kò lè sọ iye epo pérépéré bíi ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó lè fi hàn wá ibi tí ó yẹ kí a fura sí.

N kò ní fi àléébù ọ̀nà wọ̀nyí pamọ́. Ọ̀nà tí ó rọrùn ni gáàsì máa ń gbà. Bí amọ̀ tí omi ti kún bá wà níbì kan, gáàsì á yà fún un, epo tí ó wà nínú amọ̀ náà yóò sì bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò wa. Nítorí náà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ọyẹ́ ti fa omi ilẹ̀ gbẹ, ni ó yẹ kí a ṣe é, kì í ṣe inú òjò oṣù Keje. Radon máa ń yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí èkejì pẹ̀lú. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n ní ojú ibi púpọ̀ kí a tó sọ̀rọ̀. Nínú àwọn gáàsì tí wọ́n ń lò, sulphur hexafluoride ń mú ayé gbóná ní ìlọ́po tí ó ju 20,000 lọ sí ti èéfín carbon dioxide, ìwọ̀n fún ìwọ̀n; bí helium bá lè ṣe iṣẹ́ náà, helium ni kí a lò. Lékè gbogbo rẹ̀, wíwọ̀n kì í ṣe ìwòsàn. Ṣùgbọ́n irú páìpù tí a fi wọ̀n ọ́n náà ni a lè fi máa fa òru epo jáde kúrò nínú ilẹ̀, bí a bá bá a níbẹ̀.

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn kan nínú wa ń sọ. Wọ́n ní táǹkì orí irin ni gbogbo ayé yóò rí, àti pé kò sí ẹni tí í kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí ara àyẹ̀wò ilẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí omi tí ó ní epo bá ti inú táǹkì tí orúkọ wa wà lára rẹ̀ jáde, orúkọ wa náà ni àwọn ọmọ yóò máa mu. Àwọn mìíràn ní kí àwọn ọmọ máa se omi náà tàbí kí wọ́n fi álọ́ọ̀mù sí i. Sísè ń pa kòkòrò àrùn, álọ́ọ̀mù sì ń mú kí ẹrẹ̀ silẹ̀; a kò gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé èyíkéyìí nínú wọn láti mú epo tí ó ti yòrò sínú omi kúrò. Bí òórùn epo bá sì wà lójú kànga, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣá ìṣáná síbẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ní kí a fi àdúrà lé e lọ́wọ́. Èmi tí mo fi gbígbàdúrà ṣe iṣẹ́ ṣe ni mo ń sọ fún yín: mo gbàdúrà nínú agbo-ilé ọjọ́ náà, mo gbàdúrà gígùn, mo sì tún dá ẹjọ́ aláìṣẹ̀ ní ẹ̀bi.

Ohun mẹ́ta ni mo bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí a ṣe. Èkíní, kí a dá gbígbẹ́ kànga náà dúró di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí a sì ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó rẹ̀ fún àyẹ̀wò ilẹ̀. Èkejì, kí a kọ̀wé sí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ àti onímọ̀ kẹ́míkà ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó ti wà ní ìlú yìí láti ọdún 1948, kí wọ́n wá bá wa wọ̀n ọ́n, kí àwọn ọmọ wa nínú kíláàsì sáyẹ́ǹsì sì dúró tì wọ́n. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ọmọ náà ní ìwé àkọsílẹ̀ kan: kànga agbo-ilé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ti wá, bí ó ti jìn tó, oṣù tí omi rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, oṣù tí ó ń rùn, àti ohun tí ó wà ní apá òkè rẹ̀. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá ti wà ní àwọn ọdún 1990, n kì bá tí lé opó kan kúrò nílé ọkọ rẹ̀.

Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kejì, àwọn ará Jẹ́ríkò lọ bá Èlíṣà. Wọ́n sọ fún un pé ibùdó ìlú àwọn dára, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ kò dára. Wòlíì náà kò bá wọn wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rú. Kò sì ṣe iṣẹ́ ìyanu náà lórí omi tí ó wà nínú ìkòkò wọn. Ó béèrè fún àwokòtò tuntun, ó ní kí wọ́n fi iyọ̀ sínú rẹ̀, ó sì jáde lọ títí dé ibi tí omi náà ti ń sun jáde. Orísun ni ó lọ kí ó tó ṣe ohunkóhun.

Ibùdó ìlú tiwa náà dára. Òkè Màpó dára, ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa sì dára. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ ọwọ́ àtijọ́ nígbà ọyẹ́ tí ń bọ̀, kí a ri páìpù mọ́lẹ̀, kí a sì mú sùúrù títí ilẹ̀ yóò fi dáhùn. Bí ó bá ní òun mọ́, èmi fúnra mi ni n ó gbàdúrà ìyàsímímọ́ lórí kànga náà. Bí ó bá sì ní epo wà nínú òun, a ó dúpẹ́ pé a béèrè, a ó sì wá ibòmíràn gbẹ́.